Fíìmù Oúnjẹ fún Alásè Tí Nǹkan Kì Í Tètè Tẹ́ Lọ́rùn

Ìbéèrè tí mo ń dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ọ̀rẹ́ òun, tí àwọn jọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò pé ẹni 50 ọdún ní oṣù tí ń bọ̀. Alásè ni ọ̀rẹ́ náà, òun ni ó ń se oúnjẹ ìnáwó fún ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Peckham, ó sì jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ rẹ̀. Arábìnrin yìí fẹ́ ra fíìmù márùn-ún tí ó dá lórí oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, nítorí pé alárìíwísí gidi ni ọ̀rẹ́ náà. Ó dá ìkòkò tí wọ́n fún un ní èṣí padà, ó ní ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Ó pa tẹlifíṣọ̀n lójú àlejò nítorí pé òṣèré kan ń ro àmàlà tí orógùn rẹ̀ kò kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò fẹ́ fíìmù tí ó ní ìhòhò, kò sì fẹ́ràn èyí tí a ó máa ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, torí pé ó máa ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí bó ẹ̀wà bí ó ti ń wo fíìmù. Èwo ni kí òun rà?

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìmúra ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ yín. Kí n tó dárúkọ fíìmù kankan, ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ tún gbé yẹ̀ wò. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín ní alárìíwísí. Alárìíwísí ni ẹni tí ó máa ń wá àbùkù kiri níbi tí kò sí. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń jó ọbẹ̀. Àmàlà tí orógùn kò bá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń ní kókó. Òótọ́ ni ó sọ nígbà méjèèjì. Afínjú nídìí iṣẹ́ ni èmi yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, afínjú kò sì ṣòro láti fún ní ẹ̀bùn tó bí ẹ ti rò, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́: kí ẹni tí ó bá ń ṣe nǹkan mọ̀ ọ́n ṣe. Fíìmù tí ẹ óò rà fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ inú rẹ̀ mọ oúnjẹ í sè, tí alásè inú ìtàn náà pẹ̀lú sì jẹ́ ẹni tí kì í gba ìgbàkúgbà. Bí ó bá rí ara rẹ̀ nínú fíìmù náà, ẹ ti rí ẹ̀bùn fún un.

Ẹ má sì ra márùn-ún. Ẹni tí ó ń se ìnáwó ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ó ń lọ sọ́jà láàárín ọ̀sẹ̀, kò ní àyè fíìmù márùn-ún, èyí tí ó bá sì kù díẹ̀ káàtó nínú wọn ni yóò máa rántí. Ẹ ra méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hàn gbangba pé ẹ ronú lórí méjèèjì.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú ni Big Night, tí ó jáde ní ọdún 1996. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Ítálì díẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí náà kò ní ṣòro fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni ìtàn náà dá lé, àwọn tí wọ́n ṣí kúrò ní Ítálì wá sí etíkun New Jersey ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan. Primo ni ẹ̀gbọ́n, òun ni alásè. Secondo ni àbúrò, òun ni ó ń bá oníbàárà àti báńkì sọ̀rọ̀. Stanley Tucci, tí òun àti Campbell Scott jọ darí fíìmù náà, ni ó ṣe Secondo; Tony Shalhoub ni ó ṣe Primo. Ilé oúnjẹ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé Primo kò gbà láti se ohun tí àwọn ará àdúgbò rò pé ó jẹ́ oúnjẹ Ítálì, nígbà tí ilé oúnjẹ tí ó kọjú sí tiwọn ń kún fọ́fọ́ lójoojúmọ́.

Ibì kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà tí mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín yóò fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ láti wò. Obìnrin oníbàárà kan béèrè fún risotto, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń fi omi ẹran díẹ̀díẹ̀ sè títí yóò fi rọ̀ láìfọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ní wọn kò tíì gbé spaghetti òun wá. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé àmàlà fún, tí ó ń béèrè pé ẹ̀bà tí òun yóò fi jẹ ẹ́ dà. Àbúrò ní kí wọ́n fún un ní ohun tí ó fẹ́, torí pé owó ni wọ́n ń wá. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀ nínú ilé ìdáná. Gbogbo ẹni tí ó bá ti se oúnjẹ fún owó rí ni ó ti wà nínú ìjà yẹn, bóyá pẹ̀lú oníbàárà tí ó ní kí wọ́n má fi irú sí ọbẹ̀ tí irú ni ó sọ ọ́ di ọbẹ̀, bóyá pẹ̀lú ẹni tí ó ní kí wọ́n bu omi sí i kí ó lè kárí. Fíìmù náà kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan ju bí ó ti yẹ lọ. Ó jẹ́ kí a rí i pé ẹni tí kò fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lè ba ilé rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ tí alásè tí ó ń sanwó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ni èyí.

Oúnjẹ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú fíìmù náà ni timpano, tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ ìlù nítorí bí ó ṣe rí roboto. Ìyẹ̀fun pípò ni wọ́n tẹ́ sínú abọ́ ńlá, wọ́n wá kó pásítà, ẹran lílọ̀, ẹyin sísè àti ọbẹ̀ tòmátò sí i, wọ́n bò ó, wọ́n sì yan án. Àwọn òǹwòran a máa pariwo tí wọ́n bá rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí timpano ni mo ṣe yan fíìmù yìí fún ọ̀rẹ́ yín. Ẹyin díndín ni.

Ní òpin ìtàn náà, lẹ́yìn òru tí gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀, Secondo wọ ilé ìdáná ní òwúrọ̀. Kámẹ́rà dúró sí ojú kan, kò sì gbé ojú kúrò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fọ́ ẹyin sínú abọ́, ó pò ó, ó gbé páànù lé iná, ó da òróró sí i, ó dúró dè é kí ó gbóná, ó sì da ẹyin sí i. Kò sí orin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò sì ju kí wọ́n bi ara wọn bóyá ebi ń pa wọ́n. Ó bu fún ọmọ iṣẹ́ wọn, ó bu fún ara rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú páànù. Ẹni tí ó fi ìyókù náà sílẹ̀ fún ń bọ̀ wá wọlé. Mo ti wo ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá kan tí ó ti ń se ìnáwó fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Kò wí nǹkan kan títí ẹyin fi kúrò lórí iná, nígbà náà ni ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin yìí ti dín ẹyin rí." N kò tíì gbọ́ ìyìn tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ẹnu alásè.

Kí ẹ má bàa sọ pé n kò kìlọ̀ fún yín, èébú wà lẹ́nu àwọn kan nínú Big Night, àlè yíyàn sì wà nínú ìtàn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe fíìmù ìhòhò. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ọ̀rẹ́ yín ṣe gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

Fíìmù kejì kò ní wàhálà kankan ní ti ìwà, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ kíkà, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ má torí èyí fi í sílẹ̀. Babette's Feast ni, fíìmù ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tí Gabriel Axel darí ní 1987, láti inú ìtàn tí Karen Blixen kọ. Òun ni fíìmù Dẹ́ńmáàkì àkọ́kọ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì, ọmọ pásítọ̀ kan tí ó ti di olóògbé, ń gbé ní abúlé etíkun ní Jutland, wọ́n ń tọ́jú ìjọ kékeré tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ náà ti darúgbó, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà lórí ọ̀ràn àtijọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní 1871, Babette kan ilẹ̀kùn wọn. Ó sá kúrò ní Paris nígbà rògbòdìyàn àwọn ará ìlú sí ìjọba tí wọ́n ń pè ní Commune, wọ́n sì gbà á sílé láti máa sè fún wọn. Ẹja gbígbẹ tí a rẹ sínú omi àti búrẹ́dì tí a fi ọtí sè ni wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa sè. Ó ń sè é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Lẹ́yìn náà ni ó jẹ 10,000 fráǹkì nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò padà sí Paris; òun bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi owó òun se oúnjẹ kan ṣoṣo, oúnjẹ ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí pásítọ̀ náà, fún ènìyàn méjìlá. Àwa náà máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọkọ̀ ojú omi kó ìjàpá òkun láàyè dé, ó kó ẹyẹ dé, ó kó ọtí dé, ẹ̀rù sì ba àwọn arúgbó náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá májẹ̀mú pé àwọn yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa bí ó ṣe dùn tó.

Kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ya iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé ìdáná náà. Ẹyẹ kékeré kan, tí ó jọ àparò, ni ó gba orúkọ jù níbẹ̀. Wọ́n ki nǹkan sínú ikùn rẹ̀, wọ́n gbé e sínú àpótí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun yan, wọ́n dá orí rẹ̀ padà sí ipò, wọ́n sì ń pè é ní àparò inú pósí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí tábìlì, ọ̀gágun tí ó wà láàárín àwọn àlejò, ẹnì kan ṣoṣo tí ó ti jẹ irú rẹ̀ rí, mú orí ẹyẹ náà, ó sì fà á mu láìtijú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe sí orí ẹja. Láàárín àkókò yìí, àwọn arúgbó tí wọ́n ti bá ara wọn ṣọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara wọn. Babette kò jókòó tì wọ́n. Ilé ìdáná ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀yìn tí oúnjẹ tán ni a tó rí i tí ó jókòó láàárín ìkòkò tí a kò tíì fọ̀, tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Alásè ìnáwó wo ni kò mọ ìjókòó yẹn? Àwọn olórin ń ṣe eré lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ń náwó, alásè wà lẹ́yìn lórí kúlà tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń bọ́ bàtà. N kò mọ fíìmù mìíràn tí ó bu ọlá fún ìjókòó náà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìtumọ̀ kíkà, ìdí tí ọ̀rẹ́ yín kò fi fẹ́ ẹ ni pé ojú rẹ̀ máa ń wà lára iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì fíìmù yìí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ojú gbọ́dọ̀ wò, kódà bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹ bá a wò ó, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ náà sókè fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí Babette bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè, yóò fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí, ẹ fi Eat Drink Man Woman rọ́pò rẹ̀. Ang Lee ni ó darí rẹ̀, ní Taipei, ní 1994. Ọ̀gá alásè kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni ó ń se oúnjẹ rẹpẹtẹ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ adùn mọ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ kò ní ju ọwọ́, ọbẹ àti iná lọ: ó fa ẹja láàyè jáde, ó pa á, ó yí i nínú ìyẹ̀fun, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọrùn pẹ́pẹ́yẹ kí awọ rẹ̀ lè dá yàtọ̀ sí ara. Ẹni tí ó bá mọ ọbẹ í mú yóò tún ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó mú mi fi í ṣe ìkẹta ni pé ìtàn ìfẹ́ àwọn ọmọ náà pọ̀ ju ti ilé ìdáná lọ, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì lè má bá díákónẹ́ẹ̀sì lára mu.

Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi léèrè yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, tí èmi sì ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ratatouille, ti 2007, jẹ́ fíìmù tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an; Thomas Keller, alásè ńlá ní Amẹ́ríkà, ni ó bá wọn ṣètò oúnjẹ inú rẹ̀, bí oúnjẹ ẹnu kan ṣe dá ọ̀gbẹ́ni tí ó ń ṣe lámèyítọ́ ilé oúnjẹ padà sí ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kò sì ṣeé gbàgbé. Ṣùgbọ́n eku ni alásè náà. Mo fún àǹtí mi kan tí ó ń ta àmàlà ní Ìbàdàn ní fíìmù yìí nígbà kan. Nígbà tí agbo eku já wálẹ̀ láti òkè àjà, ó dìde, kò sì padà sórí àga. Ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láti rí i pé eku kankan kò wọ ilé ìdáná òun. Èmi ni ó yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tampopo, ti Juzo Itami, 1985, nípa obìnrin kan ní Japan tí ó ń wá ọ̀nà láti se núdùlù olómi tí kò ní àbùkù, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì pa ìjàpá lójú wa. Like Water for Chocolate ti Mexico àti Soul Food ti 1997, nípa oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi nínú ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago, ní àwọn ìran ìbálòpọ̀ ju ohun tí ó máa gbà lọ.

The Lunchbox, ti Ritesh Batra, 2013, kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ní Mumbai, àwọn dabbawala máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé lọ sí ibi iṣẹ́. Abọ́ onípele kan ṣìnà, ó dé ọwọ́ akọ̀wé opó-ọkùnrin kan tí Irrfan Khan ṣe. Fíìmù jẹ́jẹ́ ni, aládùúgbò tí ó wà lókè sì máa ń fi okùn sọ agbọ̀n èròjà ọbẹ̀ kalẹ̀ gba ojú fèrèsé láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀ rí. Ẹ mú un fún ẹlòmíràn, nítorí pé lẹ́tà tí ọkùnrin náà àti obìnrin tí ó se oúnjẹ náà ń kọ sí ara wọn ni ó gbé ìtàn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe fíìmù, tí a kò sì lè dì ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n tí ẹ lè sọ fún un: High on the Hog, ètò tí Netflix gbé jáde ní 2021, tí ó ń tọ ipa oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè Benin ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjà Dantokpa ní Cotonou, níbi tí Stephen Satterfield, atọ́kùn ètò náà, àti òǹkọ̀wé Jessica B. Harris ti ń rìn láàárín àwọn nǹkan tí ọ̀rẹ́ yín ń rà ní ọjà Peckham.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwo fíìmù. Ẹ béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ó ń gbé àwo fíìmù kí ẹ tó náwó. DVD máa ń ní nọ́ńbà agbègbè lẹ́yìn páálí rẹ̀: ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ti Britain jẹ́ 2, ti Nàìjíríà jẹ́ 5. Bí ẹ̀gbọ́n yín kan bá fẹ́ bá yín rà á ní Houston, àwo náà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù, àfi tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tí ó ń gba gbogbo agbègbè. Ti Blu-ray rọrùn díẹ̀, torí pé lẹ́tà B ni Britain àti Nàìjíríà jọ ń lò, A ni ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ra Babette's Feast, ẹ rí i dájú pé ó ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ilẹ̀ mìíràn lè má ní in.

Ẹ má gbé e fún un ní ọjọ́ Sátidé, nítorí pé yóò wà nídìí ìkòkò ẹlòmíràn. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì gbé oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín sè dání, kí ó má bàa dìde lọ dáná.